Ìkíni Orí Kẹ̀kẹ́

Ẹnu ló kó Dìran sí wàhálà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ká ní ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òun àti Olúṣẹ̀yẹ jọ jókòó síwájú ilé wọn ní Aké ni, ọkọ̀ èrò ni ì bá wọ̀ lọ sí ilé àna rẹ̀, ì bá sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọlúàbí pẹ̀lú aṣọ mímọ́ lára. Ṣùgbọ́n ọdún 1982 là ń wí yìí, ìgbà tí kẹ̀kẹ́ tuntun ṣì máa ń mú orí olówó oṣù wú, kẹ̀kẹ́ Dìran kò sì tíì pé oṣù méjì tó rà á. Olúṣẹ̀yẹ, tí wọ́n jọ ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbarà, ló sọ pé kò sí ẹni tó lè gun kẹ̀kẹ́ gba abẹ́ wáyà dé apá Ọdẹ́dá láì sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ó sọ ọ́ tán, ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Dìran ló gba ọ̀rọ̀ náà sí ìjà.

“Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí n tó dé ojúde àna mi,” ó ní, “má pè mí ní ọkùnrin mọ́.”

Abẹ́ wáyà tí wọ́n ń wí yìí ni ọ̀nà tí NEPA là gba inú igbó kọjá nígbà tí wọ́n ń ri àwọn òpó irin gíga wọn mọ́lẹ̀. Wọn ò là á fún ẹlẹ́sẹ̀, wọn ò sì là á fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́; ibi tí wáyà bá kọjú sí ni wọ́n gé igbó gbà. Wáyà kì í sì yà fún òkè. Bí àpáta bá yọrí, òpó a gorí àpáta. Bí ilẹ̀ bá jìn, wáyà a gba òkè kọjá, ẹni tó wà nísàlẹ̀ a wá ọgbọ́n ara rẹ̀ dá. Àwọn ará oko ló sọ ọ́ di ọ̀nà, nítorí pé ó gé kúrú ju títì lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín.

Ìrìn àjò ọjọ́ Sátidé náà kì í ṣe ìrìn eré. Sàlàhúdíìnì Àjàlá, àgbẹ̀ ní abà Ìdí-Ọsàn, tó jẹ́ bàbá Mọ́níkẹ́, àfẹ́sọ́nà Dìran, ti jẹ́ kó yé ẹbí Dìran pé kí òun tó dá ọjọ́ ìdána, òun fẹ́ kí ọmọkùnrin náà wá sílé òun, kí àwọn jọ jẹun, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti fojú kanra rí, ní ìsọ̀ àdìrẹ tí Mọ́níkẹ́ ti ń bá àǹtí rẹ̀ tajà ní Ìtòkú. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ bàbá náà lóminú: ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ rẹ̀ má lọ kó sọ́wọ́ ọmọ ìgboro tí kò mọ àgbà. Ẹnu ló sì kù tí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó bá rí àgbà lọ́nà á sọ̀ kalẹ̀, á di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, á sì kí i. Bó bá wá jẹ́ àna rẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ á dùbúlẹ̀, ọkọ ìyàwó náà á dùbúlẹ̀ tì í. A kì í ti òkè kí àna. Ẹni tó bá dán an wò ti fi yé wọn pé bí òun bá gba ọmọ tán, òun ò ní wẹ̀yìn mọ́. Dìran mọ èyí dáadáa. Ìyá rẹ̀, Màmá Harriet, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tún ràn án létí ní ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Dìran, àna kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Bí o bá rí ajá ilé wọn lójú ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀ kí o kí i.”

“Mo gbọ́, Màmá,” ni Dìran wí, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, ó sì fi okùn di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kí ṣéènì má baà gé e jẹ. Títí ó fi kúrò ní ìgboro, ọ̀nà dára. Òkè àkọ́kọ́ lábẹ́ wáyà kò sì yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó ń gbé ara sọ́tùn-ún sósì, ó sì gùn ún dé orí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì ni òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lábẹ́ táyà, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn lẹ́nu. Nígbà tó fi máa gun òkè kejì, tó jẹ́ àpáta pẹrẹsẹ tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀, sítáàṣì ti yọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Wáyà ń kùn lókè orí rẹ̀, kò dákẹ́. Obìnrin kan tó ru gàrí bọ̀ láti oko yà fún un lójú ọ̀nà, Dìran sì kí i lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Obìnrin náà dá a lóhùn, àmọ́ ó dúró wò ó títí ó fi kọjá. Dìran rí i, ó ní ìyẹn kì í ṣe àna òun.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀. Nígbà tó dé orí òkè kejì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè lóun nìkan.

Odò kékeré kan ló wà nísàlẹ̀, pákó méjì ni wọ́n fi ṣe afárá lé e lórí, kété lẹ́yìn afárá náà ni òkè kẹta sì dìde. Òun ló ga jù. Ilẹ̀ pupa ni, ó kún fún yangí. Dìran ṣírò rẹ̀: bí òun bá fi eré sọ̀ kalẹ̀, tí òun kò sì dúró rárá, eré náà ló máa gbé òun dé ìdajì òkè, òun á wá fi agbára parí ìyókù. Lẹ́yìn òkè yẹn, ó ti dé ojúde àna nìyẹn. Ó tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Ó ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìdajì kó tó rí àwọn ènìyàn. Obìnrin méjì jókòó létí odò, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin kan sì dúró lẹ́nu afárá, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà. Bàbá Mọ́níkẹ́ ni. Mọ́níkẹ́, tó ti wálé láti ọjọ́ tó ṣáájú, ti sọ fún un pé abẹ́ wáyà ni àlejò ń gbà bọ̀, bàbá náà sì rìn wá pàdé rẹ̀ kó má baà ṣìnà. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àna ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìka Dìran wà lórí bíréèkì. Bíréèkì náà dára. Ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì fẹ́ gbọ́. Ọkàn kan sọ fún un pé, Dìran, dúró. Ọkàn kejì wo òkè kẹta, ó ní bí o bá dúró níhìn-ín, ẹsẹ̀ lo máa fi gun ìyẹn, kí lo wá fẹ́ sọ fún Olúṣẹ̀yẹ? Ó jọ̀wọ́ bíréèkì.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ilé la ó pàdé o.”

Bẹ́ẹ̀ ló wí, lórí kẹ̀kẹ́, ó tún tẹ aago lé e. Bàbá náà ti na apá láti kí i káàbọ̀. Ó sáré yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrẹ̀ ẹnu afárá sì ta sí i láṣọ láti orókún dé àyà.

Ẹ sì wá wò ó, kò tilẹ̀ gun òkè náà dé ìdajì. Eré tó gbójú lé tán láàárín yangí, táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan, kẹ̀kẹ́ sì dúró. Dìran fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ó yíjú padà. Àwọn obìnrin náà ti gbé ọ̀bẹ dúró, wọ́n ń wò ó. Bàbá Mọ́níkẹ́ kò wò ó. Ó tẹ̀ba, ó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò láṣọ. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà. Kò ju kí Dìran sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kó sáré lọ bá wọn, kó dojú bolẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́. Ìtìjú ló yẹ kó máa lé ènìyàn padà síbi tó ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ló sábà máa ń lé wa sí. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní abà, Bùsírátù, ìyá Mọ́níkẹ́, fi omi tútù àti ẹ̀rín kí i káàbọ̀. Ó béèrè pé ṣé kò pàdé bàbá wọn lọ́nà ni. Dìran ní wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó tọ́ omi náà wò, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ síbi òjìji, ó sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá a jókòó. Ó ronú pé bó bá jẹ́ pé bíréèkì ló bàjẹ́, ta ló máa dá òun lẹ́bi? Ó yọ sípánà tó wà lábẹ́ ìjókòó, ó tú rọ́bà bíréèkì iwájú, ó tú ti ẹ̀yìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì jù wọ́n sínú ewúro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ yá níbi iṣẹ́ náà ju bó ṣe yá níbi ohunkóhun lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá Mọ́níkẹ́ wọlé dé. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ. Dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde, bàbá náà sì rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ jókòó sórí àga.

“Ta ni mo rí tó kọjá lára mi létí odò?” ó béèrè.

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bíréèkì ló já mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè. N kò lè dúró. Mo ní kí n ṣáà fi ẹnu kí yín, nítorí n kò mọ̀ bóyá màá yè é.”

Bàbá náà wò ó. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Kò sí rọ́bà kankan lẹ́nu rẹ̀,” ó ní. “Ọmọ ọlọ́mọ ì bá kú sódò lójú mi, èmi dúró, aṣọ ni mò ń gbọn.” Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì mú un dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Dìran, má bínú sí mi. Mo ti sọ lójú àwọn obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn pé n kò ní fi ọmọ mi fún ọ, pé aláfojúdi ni ọ́. Àgbà náà a máa ṣìwí. Jọ̀ọ́, fi orí jì mí.”

Orí bàbá náà funfun báláú, ó pá láàárín. Dìran kò fẹ́ wò ó, kò sì mọ ibòmíràn tí òun lè wò. Gbogbo ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Ó ní, “Kò tó bẹ́ẹ̀, Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ wà lẹ́yìn èyí gan-an, ó sì gbé e mì.

Wọ́n pa àkùkọ. Bàbá Mọ́níkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ itan fún un, ó ní ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú gbọ́dọ̀ jẹun dáadáa. Ó dá ọjọ́ ìdána fún un níbẹ̀, ó ní lẹ́yìn ìkórè iṣu. Ohun tí Dìran wá nìyẹn. Ó rí i gbà, ó sì fi iyán tó kù sílẹ̀ nínú àwo.

Nígbà tó lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé, Mọ́níkẹ́ wà níbẹ̀, ó ń fọ àwo. Kò gbé ojú sókè.

“Ewúro ni mo wá já láàárọ̀,” ni Mọ́níkẹ́ wí. “Mo rí yín tí ẹ ń tú u. Mo rò pé ẹ ń tún un ṣe ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún Bàbá ló tó yé mi.”

“Mọ́níkẹ́, jọ̀ọ́. Jẹ́ kí ìdána kọjá. Èmi fúnra mi á sọ fún wọn, a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín.”

“Bàbá mi ṣí fìlà fún yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí i kí wọ́n ṣí i fún ẹnikẹ́ni rí.” Ó da omi àwo nù. “Mi ò ní sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ má wá sí ìsọ̀ wa mọ́.”

Nígbà tí Dìran ń dágbére, wọ́n di iṣu ńlá márùn-ún mọ́ káríà kẹ̀kẹ́ fún Màmá Harriet. Bàbá Mọ́níkẹ́ ní kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, tó tún ru iṣu, kò lè sọ òkè kalẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó mú okùn tó fi ń so ewúrẹ́, ó so ó mọ́ káríà, ó ní òun máa fà á lẹ́yìn títí Dìran á fi jáde sí títì. Dìran bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Kò gbà. Mọ́níkẹ́ ní òun náà ń sìn wọ́n lọ.

Òkè kẹta tí Dìran kò rí gùn láàárọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀. Dìran di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níwájú, bàbá náà fara sẹ́yìn lórí okùn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí yangí. Dìran ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Rọra o, ọmọ mi,” ni bàbá náà ń wí. “Ṣé ọwọ́ rẹ ká a?”

“Ó ká a, Bàbá.”

“Má sáré. Mo dì í mú.”

Ohun tó dì mú yẹn ni irọ́ Dìran. Dìran mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, bó sì ṣe ń la ẹnu láti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà tún ń sọ pé kó rọra. Ẹnìkan kò tíì ṣàánú rẹ̀ tó báyìí rí, àánú náà sì ń ta á lára bí èsìsì.

Wọ́n dé odò. Àwọn obìnrin náà ti bó ẹ̀gẹ́ wọn tán, wọ́n ń kó o sínú agbọ̀n. Asiata, tó dàgbà nínú wọn, rí Dìran, ó sì gbé ojú kúrò. Bàbá Mọ́níkẹ́ fi okùn sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ níbi tí okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Asiata, ẹ gbọ́ o,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀, mo kó o jẹ. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ ọmọ yìí ló já. Kì í ṣe aláfojúdi.”

“Kò já, Bàbá,” ni Dìran wí.

“Kí ni kò já?”

“Bíréèkì. Èmi ni mo tú rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná yín. Mo lè dúró láàárọ̀. N kò fẹ́ dúró ni. Mo ti fọ́nnu fún ọ̀rẹ́ mi pé n kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.”

Wáyà ń kùn. Mọ́níkẹ́ tú kókó etí ìró rẹ̀, ó na rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti ṣà nínú ewúro jáde. Bàbá rẹ̀ wo rọ́bà, ó wo òun náà.

“Ìwọ náà mọ̀?”

“Mo mọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu wọn ló ti máa jáde.”

Dìran fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà na ọwọ́ tó bó yẹn, ó dá a dúró.

“Má dọ̀bálẹ̀. N kò tíì rí ọ. Ẹni tó kọjá níbí láàárọ̀, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ tí mo wá pàdé kò tíì dé.” Ó tú okùn kúrò lára káríà, ó sọ iṣu kalẹ̀. “De rọ́bà rẹ padà.”

Ó lọ dúró lẹ́nu afárá, níbi tó dúró sí láàárọ̀, ó kọjú sí òkè kejì. Ọ̀rọ̀ náà yé Dìran. Ó de rọ́bà padà, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá afárá, ó sì ń tì í gun àpáta náà lọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó dé orí òkè, ó rí páànù ilé Abẹ́òkúta tó ń kọ mọ̀nà lókèèrè. Ọ̀nà ilé nìyẹn níwájú rẹ̀. Bó bá gorí kẹ̀kẹ́ báyìí tó ń lọ, ẹnikẹ́ni kò lè lé e bá, kò sì ní rí ojú wọn mọ́ láéláé. Ó dúró díẹ̀, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì ń ké ní gbogbo ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ tì í nínú ẹrẹ̀ ẹnu afárá, ojú rẹ̀ kan ilẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ó ní. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀.

Bàbá Mọ́níkẹ́ tún fìlà rẹ̀ dé.

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?”

“Dáadáa ni, Bàbá.”

“Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?”

Ajá tí ìyá rẹ̀ ní kó sọ̀ kalẹ̀ kí ló wá sí i lọ́kàn. Ó ní wọ́n wà. Bàbá náà ń béèrè ará ilé lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè iṣẹ́, kò kánjú, kò sì tíì ní kó dìde. Asiata àti èkejì rẹ̀ gbé agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Mọ́níkẹ́ ló wá gbé kẹ̀kẹ́ náà dúró nínú ẹrẹ̀, tó sì dì í mú.